Task Manager kò ṣí mọ́, ó ní «administrator» ló tì í. Ta ni administrator náà?

ÌyáTypist, Ìbàdàn

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá sí ọ̀rọ̀ yìí fún mi, apá mi ò ká a mọ́. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé níwájú géètì ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan nílùú Ìbàdàn níbí, àwọn ọmọ ló ń wá tẹ project lọ́dọ̀ mi. Laptop HP tokunbo ni mò ń lò, Windows 10 ló wà lórí rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ yìí, mo ń tẹ iṣẹ́ ọmọkùnrin kan lọ, mo ti dé ojú ìwé 61, bẹ́ẹ̀ ni Word dúró gbagidi. Ojú rẹ̀ funfun báláú, mouse ń yí bírí, wọ́n kọ Not Responding sókè. Mo ṣe bí mo ṣe máa ń ṣe, mo tẹ Ctrl+Alt+Del kí n lè mú Task Manager, ohun tí mo fi ń pa ètò tó bá dúró gbagidi. Task Manager kò sí níbẹ̀. Lock wà níbẹ̀, Sign out wà níbẹ̀, òun nìkan ni mi ò rí. Mo wá tẹ Ctrl+Shift+Esc, àpótí kékeré kan yọ sójú kọ̀ǹpútà, ó ní: "Task Manager has been disabled by your administrator."

Administrator wo? Èmi ni mo ni ẹ̀rọ mi. Ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ kò mọ̀ ju Word àti CorelDraw lọ. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la ni ọmọ tó ni project yìí máa fi í sílẹ̀. Mi ò tíì pa ẹ̀rọ o, torí mi ò rántí ìgbà tí mo save kẹ́yìn. Ẹ gbà mí.

Ṣèyí_Sharp

Ẹ restart ẹ̀, mà. Tí kò bá gbọ́, ẹ format ẹ̀, ọ̀rọ̀ parí.

ÌyáTypist, Ìbàdàn

O ṣé, ọmọ mi. Àmọ́ tí mo bá format, iṣẹ́ àwọn oníbàárà mi láti ọdún 3 sẹ́yìn ló máa bá a lọ. Mi ò lè dán ìyẹn wò lálẹ́ yìí.

Atẹ̀rọṣe, Abẹ́òkúta

Màmá, ẹ kú ìnira. Ẹ má pa á, ẹ má sì tún un tàn. Iṣẹ́ ọmọ yẹn la máa kọ́kọ́ gbà sílẹ̀, lẹ́yìn náà la ó wá wádìí administrator.

Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀. Nínú àpótí tó bá yọ, ẹ kọ %AppData%\Microsoft\Word, kí ẹ tẹ Enter. Fódà kan máa ṣí. Ẹ wò ó bóyá fáìlì kan wà níbẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ parí sí .asd. Ẹ̀dà tí Word fúnra rẹ̀ ń tọ́jú pamọ́ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá ti yí i padà, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá ló ń tọ́jú rẹ̀. Ẹ kọpí rẹ̀ sórí desktop kí ọkàn yín balẹ̀.

Ẹ tún tẹ Windows àti R, lọ́tẹ̀ yìí ẹ kọ cmd. Ojú dúdú kan máa yọ. Tí ẹ bá kọ tasklist síbẹ̀, orúkọ gbogbo ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ máa tò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí Task Manager máa ń fi hàn yín náà ni, kò kàn ní àwòrán ni. Ẹ máa rí WINWORD.EXE láàárín wọn. Ẹ wá kọ:

taskkill /IM WINWORD.EXE /F

Word máa kú lójú ẹsẹ̀. Tí ẹ bá tún un ṣí, ẹ wo ọwọ́ òsì, ibẹ̀ ló máa ń kó ohun tó bá rí gbà sílẹ̀ sí.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣe ìyẹn, ẹ tẹ Windows àti R, kí ẹ kọ regedit, ìyẹn ohun tó ń ṣí registry, ìwé tí Windows ń kọ ètò rẹ̀ sí. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ sáà bá mi ka ohun tó bá sọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́.

ÌyáTypist, Ìbàdàn

Bọ̀dá mi, Ọlọ́run á máa gbọ́ tiyín! Ojú ìwé 58 ló bá mi padà. Mẹ́ta péré ni mo máa tún tẹ̀. Mo ti save rẹ̀, mo sì ti fi ránṣẹ́ sí email ara mi.

Regedit náà kò ṣí. Ó ní "Registry editing has been disabled by your administrator." Ẹ̀rù ti wá ń bà mí báyìí.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Lọ́ńdọ̀nù ni mo wà, kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ ni mò ń tọ́jú níbí. Èmi gan-an wà lára àwọn tí ẹ̀rọ ń pè ní administrator yẹn. Kí ẹ tó já àgádágodo yìí, ẹ jẹ́ kí n bi yín: ṣé ẹ̀rọ yìí kò tíì jẹ́ ti iléeṣẹ́ tàbí ilé-ìwé kan rí?

Ìdí tí mo fi béèrè ni pé àwa náà máa ń ti Task Manager. Nínú Group Policy, ibi tí a ti ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ iléeṣẹ́, lábẹ́ User Configuration, tí ẹ bá wọ Administrative Templates, kí ẹ wọ System, kí ẹ wá wọ Ctrl+Alt+Del Options, ẹ máa bá ohun kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Remove Task Manager. Tí a bá ti tan ìyẹn, gbogbo ẹ̀rọ tó wà lábẹ́ wa ló máa tì í. Bí òṣìṣẹ́ kan bá fọgbọ́n ṣí tirẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa padà tì, torí pé Windows máa ń lọ gba àṣẹ iléeṣẹ́ wá ní bíi ìṣẹ́jú 90 síra wọn. Ẹni tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, kó lọ bá àwọn tó ni ín, kó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún wọn. Kó má fi iṣẹ́ rẹ̀ wewu nítorí Task Manager.

Tokunbo pàápàá lè gbé irú èyí wọ̀lú. Iléeṣẹ́ kan lè ta ẹ̀rọ lókè òkun níbí kó gbàgbé láti yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀ wọn, kó wá jẹ́ pé ẹni tó rà á ní Nàìjíríà ṣì ń gba àṣẹ ọ̀gá tí kò mọ̀ rí. Ẹ wọ Settings, Accounts, kí ẹ wá wọ Access work or school. Tí ẹ bá rí orúkọ iléeṣẹ́ kankan níbẹ̀, ẹ padà wá sọ fún wa.

ÌyáTypist, Ìbàdàn

Mo ti wò ó. Kò sí orúkọ kankan níbẹ̀. Àmì Connect nìkan ló wà.

Atẹ̀rọṣe, Abẹ́òkúta

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, o ṣeun, ìbéèrè tó yẹ kí a bi gbogbo onítokunbo lo béèrè yẹn. Iléeṣẹ́ ti jáde nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé kí ẹ̀rù má bà yín ju bó ṣe yẹ lọ. Task Manager yín kò bàjẹ́. Bó bá ti bàjẹ́ ni, kò ní rí ẹnu sọ pé ẹnì kan ló ti òun. Nínú registry, ibì kan wà tí Windows máa ń yẹ̀ wò kó tó ṣí i. Tó bá bá DisableTaskMgr níbẹ̀ tí nọ́ńbà 1 sì wà níwájú rẹ̀, kò ní ṣí i, gbólóhùn tí ẹ rí yẹn ló sì máa gbé jáde. Ọ̀rọ̀ "administrator" yẹn ti wà nínú gbólóhùn náà látilẹ̀ ni, Windows kò wádìí ẹni tó kọ nọ́ńbà náà. Ohunkóhun tí ẹ bá ti tẹ Yes fún nígbà tó ní kí ẹ jẹ́ kí òun wọlé, ó lè kọ ọ́ síbẹ̀ lórúkọ yín.

Regedit náà ní tirẹ̀, DisableRegistryTools lorúkọ rẹ̀. Èyí ló jẹ́ kí n fura. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn, tó tún kó kọ́kọ́rọ́ pamọ́, kò fẹ́ kí onílé wọlé ni. Fáírọ́ọ̀sì ló sábà máa ń ti méjèèjì pọ̀ lórí ẹ̀rọ ara ẹni.

Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì ná. Ẹ má ti flash ẹnikẹ́ni bọ̀ ọ́ lálẹ́ yìí, ẹ má sì yọ flash inú rẹ̀ lọ ti bọ ẹ̀rọ mìíràn.

Ẹ tẹ Windows àti X, kí ẹ mú Windows PowerShell tó ní Admin lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ méjì yìí, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì:

Remove-ItemProperty -Path "HKCU:\Software\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Policies\System" -Name DisableTaskMgr

Remove-ItemProperty -Path "HKCU:\Software\Microsoft\Windows\CurrentVersion\Policies\System" -Name DisableRegistryTools

Ẹ̀yin tí ẹ máa fẹ́ fi àṣẹ reg ṣe é nínú cmd, ẹ má dààmú ara yín. Níwọ̀n ìgbà tí DisableRegistryTools bá ṣì wà níbẹ̀, reg náà máa kọ̀, gbólóhùn kan náà ló sì máa sọ. PowerShell kì í béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn ni mo fi mú un.

ÌyáTypist, Ìbàdàn

Ó ṣí! Task Manager ṣí, mo rí gbogbo wọn!

ÌyáTypist, Ìbàdàn

Bọ̀dá, ó tún ti tì. Mi ò ṣe nǹkan kan o. Mo kàn dìde lọ ṣe photocopy ojú ìwé mẹ́rin fún ẹnì kan, nígbà tí mo máa padà, gbólóhùn yẹn náà ló tún wà níbẹ̀.

Ayọ̀_Àkúrẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn àgbà tó dáhùn, tèmi náà kò ṣí lóṣù tó kọjá, àmọ́ ó yàtọ̀ sí ti màmá. Tèmi kò sọ nǹkan kan. Ó máa yọ fìrí, á sì pòórá. Iná ló já nígbà tí Windows ń ṣe update, bátìrì laptop mi sì ti kú tipẹ́. Àtìgbà náà ni Task Manager, Settings àti Calculator ti ń ṣe ségesège.

Mo ṣí cmd, mo mú Run as administrator, mo kọ:

DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth

Ìyẹn ń jẹ dátà, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí ọ̀dọ̀ Windows Update ló ti ń gbé ojúlówó fáìlì wá. Ó dúró sórí 62.3% títí mo fi rò pé ó ti kú. Ẹ má pa á níbẹ̀, ó máa tẹ̀síwájú. Nígbà tó parí, mo kọ sfc /scannow. Ó ní òun rí fáìlì tó bàjẹ́, òun sì ti tún wọn ṣe. Mo pa ẹ̀rọ, mo tún un tàn, gbogbo wọn ṣí. Ẹ jẹ́ kí DISM ṣáájú, torí inú àká tí DISM ń tún ṣe ni sfc ti ń mú fáìlì. Tí àká bá ti bàjẹ́, kí ló fẹ́ mú níbẹ̀?

Atẹ̀rọṣe, Abẹ́òkúta

O káre, Ayọ̀. Ìyẹn ni ojú kejì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń kà á lẹ́yìn ọ̀la, ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ̀rọ yín sọ. Ó ní wọ́n ti òun: ẹ wá ẹni tó tì í. Ó dákẹ́: ó ṣeé ṣe kí fáìlì ti bàjẹ́. Kí ẹni tó wà lójú kìíní má lọ máa fi dátà rẹ̀ ṣe ti ojú kejì.

Màmá, bó ṣe padà tì yẹn ti tú àṣírí. Ohun kan ṣì wà láàyè nínú ẹ̀rọ tó ń kọ nọ́ńbà 1 yẹn padà. Bí a bá pa á rẹ́ nígbà ọgọ́rùn-ún, ìgbà ọgọ́rùn-ún ló máa kọ ọ́. Ẹni tó ń kọ ọ́ la máa wá.

Mo fẹ́ bi yín ní ohun kan, ẹ má bínú: ta ló fi Office sórí ẹ̀rọ yìí, báwo ló sì ṣe fi í síbẹ̀?

ÌyáTypist, Ìbàdàn

Ọmọkùnrin kan ládùúgbò ni. Ó ní kí n má lọ ra èyí tó gbówó lórí. Ó ti flash bọ̀ ọ́, ó ní òun máa kọ́kọ́ pa antivirus kó lè wọlé. Ó ti tó oṣù mẹ́rin.

Atẹ̀rọṣe, Abẹ́òkúta

Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ lọ sínú PowerShell yẹn, kí ẹ kọ:

Get-MpPreference | Select-Object -ExpandProperty ExclusionPath

Ohun tí a ní kí Defender, antivirus inú Windows, má yẹ̀ wò ló máa kà jáde. Kí ló kà?

ÌyáTypist, Ìbàdàn

C:\ ni. Ìyẹn nìkan.

Atẹ̀rọṣe, Abẹ́òkúta

Háà. Màmá, C:\ ni gbogbo ilé. Ọmọkùnrin yẹn ní kí ọlọ́dẹ má wo ibì kankan nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ọlọ́dẹ ṣì jókòó sẹ́nu géètì tó ń fi àmì aláwọ̀ ewé hàn yín pé ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Fún oṣù mẹ́rin, ohunkóhun tó bá ti dé inú C:\ ló ń gbé ibẹ̀ láìsí ẹni tó ń bi í léèrè. Inú bí mi sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí n má rí irú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹni tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ fọkàn tán ẹni tó mọ̀, ẹni tó mọ̀ wá ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ fún olè, ó sì gba owó iṣẹ́ lọ.

Ẹ yọ ọ́ báyìí:

Remove-MpPreference -ExclusionPath "C:\"

Ẹ wá jẹ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì wọlé díẹ̀, kí Defender gba ìmọ̀ tuntun. Ẹ wọ Windows Security, Virus & threat protection, ẹ mú Check for updates. Tó bá ti ṣe tán, ẹ wọ Scan options, ẹ mú Microsoft Defender Offline scan. Ẹ save gbogbo iṣẹ́ yín ṣáájú, torí ó máa pa ẹ̀rọ, á sì tàn án sójú mìíràn, kí Windows fúnra rẹ̀ tó jí. Ibẹ̀ ni fáírọ́ọ̀sì kò ti ní lè bá a jà. Microsoft ní ìṣẹ́jú 15 ló máa ń gbà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ wà lórí iná tó dájú. Tó bá parí, tí ẹ ti padà sínú Windows, ẹ tún mú Full scan, kí ẹ sì ti flash tí ẹ ní nílé bọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ ọwọ́ ọ̀tún mouse lé e lórí, kí ẹ mú Scan with Microsoft Defender.

Tí Windows Security náà bá kọ̀ tí kò ṣí, ẹ lọ sórí ẹ̀rọ tó mọ́, ẹ gba Microsoft Safety Scanner wá. Ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ 10 péré ló ń lò lẹ́yìn tí ẹ bá gbà á, torí náà ẹ má tọ́jú ti ọdún tó kọjá.

BàbáÌbejì, Òṣogbo

Ẹ kú ìsapá. Bí a ṣe ń dúró de màmá, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un, torí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ yìí lè máà ní fáírọ́ọ̀sì rárá.

Èmi ni mò ń bá ṣọ́ọ̀ṣì wa darí projector. Lọ́jọ́ Ajé kan, mo tẹ Ctrl+Shift+Esc títí, Task Manager kò yọ, bẹ́ẹ̀ àmì rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ó ti ṣí o! Ojú projector ni mo ti lò ó kẹ́yìn lọ́jọ́ Àìkú, ibẹ̀ ló ń rò pé òun ṣì wà, bẹ́ẹ̀ projector ti wà nínú páálí rẹ̀. Mo tẹ Windows àti Shift mọ́ ọfà ọwọ́ òsì, ó bá bọ́ sójú laptop wẹ́rẹ́.

Àwọn tó ṣì ń lo Windows 7, ẹ̀yin náà lè bá a níhòòhò, kó má ní àkọlé, kó má ní menu, kó má sì ní ibi tí ẹ máa tẹ̀ kẹ́ ẹ fi pa á. Kò bàjẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì léraléra lẹ tẹ etí rẹ̀ láìmọ̀. Ẹ tún tẹ etí yẹn lẹ́ẹ̀mejì, gbogbo rẹ̀ á padà.

Bí ètò inú rẹ̀ bá wá dàrú pátápátá, ẹ di Ctrl, Alt àti Shift mú pọ̀ bí ẹ ṣe ń ṣí i. Á gbàgbé gbogbo ohun tí ẹ ti tò síbẹ̀, á wá dà bí ọjọ́ tó dé. Dave Plummer tó kọ Task Manager fún Microsoft, èyí tó bá Windows NT 4.0 jáde lọ́dún 1996, ló sọ èyí fún gbogbo ayé fúnra rẹ̀. Mo ti lo Windows NT yẹn rí nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ìdùnnú ni fún mi pé ohun tí a lò nígbà náà ṣì ń gba àwọn ọmọ wa sílẹ̀ lónìí.

ỌmọÀjàṣẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Àjàṣẹ́ ni mo wà, ẹ̀rọ mi sì ń sọ Faransé: Gestionnaire des tâches là ń pè é níbí. Ti màmá, ohun tí yóò kọ fún wa ni "a été désactivé par votre administrateur", ìtumọ̀ kan náà ni.

Tèmi ní òun kò rí taskmgr.exe rárá, bẹ́ẹ̀ mo wọ C:\Windows\System32, mo bá fáìlì náà tó jókòó sáàyè rẹ̀. Mo kọpí rẹ̀ sórí desktop, mo yí orúkọ rẹ̀ padà, ó ṣí! Orúkọ yẹn gan-an ni kò fẹ́ gbọ́. Ó gbà mí ní ọjọ́ méjì kí n tó rí ìdí rẹ̀. Mo ti lo Process Explorer rí, iṣẹ́ ọwọ́ Mark Russinovich, irinṣẹ́ tó dára gan-an ni. Ó ní ibi kan tí wọ́n kọ Replace Task Manager sí. Mo tẹ̀ ẹ́. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, mo ń gbálẹ̀ ẹ̀rọ, mo bá nu Process Explorer dànù láì kọ́kọ́ yọ àmì yẹn. Windows wá ń wá ẹni tí a ní kó jókòó sípò Task Manager, kò rí i, ó sì kọ̀ láti pe Task Manager fúnra rẹ̀.

Ẹ wọ regedit, ẹ lọ síbí: HKEY_LOCAL_MACHINE\SOFTWARE\Microsoft\Windows NT\CurrentVersion\Image File Execution Options\taskmgr.exe. Tí ẹ bá bá ohun tó ń jẹ́ Debugger níbẹ̀, òun nìkan ni kí ẹ pa rẹ́. Ẹ má pa gbogbo Image File Execution Options o! Fáírọ́ọ̀sì náà máa ń fara pamọ́ síbẹ̀, nítorí náà, ẹ ka ohun tí Debugger ń tọ́ka sí kí ẹ tó pa á. Tó bá jẹ́ irinṣẹ́ tí ẹ mọ̀, kò sí wàhálà. Tó bá jẹ́ orúkọ tí ẹ ò mọ̀ rí, scan ni.

ÌyáTypist, Ìbàdàn

Ẹ káàárọ̀ o. Kì í ṣe ìṣẹ́jú 15 lọ́dọ̀ mi, mo ti gbàdúrà òru tán kó tó parí. Full scan wá gbà mí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀. Orúkọ tó ń kọ sílẹ̀ ṣáá ni Virus:Win32/Sality.AT. Ó rí i nínú fáìlì tó lé ní 200, ó tún rí i nínú flash mẹ́ta. Ọmọ yẹn ti gba project rẹ̀ o, orí fóònù la ti tẹ̀ ẹ́ jáde, láti inú email.

Atẹ̀rọṣe, Abẹ́òkúta

Sality! Ògbólógbòó ni. Láti ọdún 2003 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ló máa ń ti Task Manager àti regedit pọ̀, ó tún máa ń ba safe mode jẹ́, ìyẹn ojú tí Windows fi ń jí pẹ̀lú ohun díẹ̀ péré, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní kí ẹ gba ibẹ̀. Fáìlì .exe àti .scr ló ń wọ̀ nínú, orí flash ló sì ń gùn kiri. Fáìlì Word àwọn oníbàárà yín kò sí lára ohun tó ń jẹ, ẹ fọkàn balẹ̀.

Ohun tó kù: ẹ tún kọ àṣẹ PowerShell méjèèjì yẹn, torí Defender lè pa olè kó má ṣí àgádágodo. Gbogbo installer tí ẹ kó jọ sínú D àti sínú flash, ẹ dà wọ́n nù, kódà èyí tí wọ́n ní ó ti mọ́. CorelDraw lè má ṣí mọ́, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu, ẹ tún un fi sí i láti ibi tó mọ́. Office ti ọmọkùnrin yẹn, ẹ yọ ọ́ kúrò. LibreOffice wà lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń ṣí fáìlì Word, ẹ fi ìyẹn ṣiṣẹ́ títí owó á fi wà. Ẹ wá gba orí fóònù yí pásíwọọ̀dù email àti ti báńkì yín padà lónìí, kó má dọ̀la.

ỌmọÌjẹ̀ṣà_Lọ́ńdọ̀nù

Mà, ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un. Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ fún Windows 10 dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Defender yín ṣì ń gba ìmọ̀ fáírọ́ọ̀sì tuntun, àmọ́ Windows tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti ń gbó. Tí HP yẹn bá lè gba Windows 11, ẹ jẹ́ kí Atẹ̀rọṣe bá yín wò ó.

ÌyáTypist, Ìbàdàn

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ kan lónìí, Task Manager kò tì mọ́. Mo máa ń ṣí i láàárọ̀ kí n lè rí i lójú. CorelDraw kú lóòótọ́, a ti tún un fi sí i. Ọwọ́ mi ti ń mọ LibreOffice, ibi tí ó kó page number sí nìkan ló kọ́kọ́ dà mí láàmú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọmọbìnrin kan gbé flash wá, ó ní kí n tètè bá òun tẹ ojú ìwé méjì jáde. Mo ní kó mú sùúrù. Mi ò ṣí flash náà, mo tẹ ọwọ́ ọ̀tún mouse lé e lórí, mo mú Scan with Microsoft Defender. Sality.AT ni, ó wà nínú fáìlì mẹ́fà. Mo yí ojú kọ̀ǹpútà sí i kó fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó ní Task Manager kọ̀ǹpútà òun náà kò ṣí láti bí ọjọ́ mélòó kan, òun rò pé kíbọ́ọ̀dù ló bàjẹ́. Mo ti kọ àdírẹ́sì ibí yìí sẹ́yìn rìsíìtì rẹ̀ fún un. Bọ̀dá Atẹ̀rọṣe, tó bá dé, ẹ bá mi gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.